Ìwọ̀n Èjìká Zakka

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ na tépù sí èjìká Zakka Yashim,
íǹṣì mọ́kànlélógún ni.
Mo tún un wọ̀n. Mọ́kànlélógún náà ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí,
torí n kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo Sábọ́n Táṣà,
kì í báà ṣe láàárín àwọn alápatà.

Aṣọ búlúù ni wọ́n ní kí n rán, kó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ,
kí n wá so òmíràn mọ́ ọn lọ́rùn, pupa, gígùn,
tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbé lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní, kí ni à ń pe ìyẹn? Ìborùn ni, àbí kọ́tìnì?
Wọ́n ní kí n ṣáà rán an.

Bẹ́ẹ̀ ni Zakka ṣe di Ọmọ Ọyẹ́,
ẹni tí ìbọn kì í ràn,
tó ń fi èémí kan paná ilé epo,
tó ń yọ bọ́ọ̀sì nínú odò Kàdúná
bí ẹni yọ ẹja nínú ọbẹ̀.
Fíìmù mẹ́jọ. Èmi ni mo rán gbogbo rẹ̀.
Àwọn ọmọdé ń so táwẹ̀lì mọ́ ọrùn kiri àdúgbò.
Àdìgún tèmi fò láti orí fẹ́ǹsì, apá rẹ̀ kán.
Zakka gbé ọsàn wá kí i ní ọsibítù,
ó sọ fún un létí pé okùn ni wọ́n fi ń fa òun sókè.
Ọmọ náà kò gbà á gbọ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà,
ọ̀pá ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹni tó ni ín tó wọlé.
"Télọ̀, ẹ̀kẹsàn-án rèé. Òun ló kẹ́yìn."
Mo na tépù.
Mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀.
N kò sọ̀rọ̀; ó rí i lójú mi.
Ó ní, "Ohun tó bá jẹ́ ni kó o kọ."
Mo kọ mọ́kàndínlógún.
Mo fi fóòmù dí ìyókù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.
Èmi tí mo ti pa irọ́ "ẹ wá lọ́la" fún idà méjì nínú mẹ́ta ìlú,
kí ni fóòmù jẹ́?

Wúsè, l'Ábújá, la ti wò ó,
èmi àti Àdìgún, tó ti nírùngbọ̀n.
Agbára Ọmọ Ọyẹ́ ti ń jò bí ìkòkò tó sán.
Èémí tó ń pa iná ilé epo
kò lè pa àbẹ́là.
Ó gbé ọmọbìnrin kan, Talatu, sẹ́yìn ògbólógbòó Píjò,
wọ́n kọrí sí Àbújá, àwọn ọlọ́kadà ìbọn ń lé wọn bọ̀.
Ní Ríjánà, ó ń wúkọ́.
Ní Kátárì, ikọ́ náà ti pupa.
Ní Jéré, ọkọ̀ kú.
Ó bọ́ sílẹ̀, ó tú aṣọ pupa kúrò lọ́rùn,
ó fi pọn ọmọ náà, ó sì ń rìn.

Ọ̀já!
Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀já ni mo ń rán.

Lábẹ́ àpáta Zuma, ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó ní kó sáré.
Ó yíjú padà sí àwọn tó ń bọ̀, ó la ẹnu.
Eruku díẹ̀ ló dìde,
kò ju èyí tí ìgbálẹ̀ ń gbé lọ,
ṣùgbọ́n ó bo ọmọ náà mọ́lẹ̀.
Ìbọn dún. Ó ràn án.
Níbi tó ṣubú sí, ojú rírán èjìká òsì tú,
fóòmù yọjú, funfun, bí ẹyin ẹyẹlé.
Gbogbo ilé ń sunkún, kò sẹ́ni tó rí i.
Àdìgún di apá mi mú nínú òkùnkùn:
"Bàbá, okùn ọ̀hún dà?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Zakka pè láti Kafanchan.
"Télọ̀, fóòmù rẹ yọ síta o."
Ó rẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.
Mo ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́.
Mo ṣí ìwé ìwọ̀n,
mo pa mọ́kàndínlógún rẹ́,
mo kọ mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀,
mo sì fàlà sí i nídìí.